Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Bẹ̀rù Òjò

Ikú ọkọ kò tẹ orí rẹ̀ ba. Iná tó jó ilé tó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́, tó jó o láti ilẹ̀kùn iwájú dé orí ṣíbí ìdáná, kò tẹ orí rẹ̀ ba. Àwọn ará ilé ọkọ ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Ó kó o, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló yan ọjọ́ tó wù ú, ó sì kọ́kọ́ gbá yàrá náà mọ́ tónítóní kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìdọ̀tí tí yóò fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Oríkèé tó ń ro ó nígbà òtútù, ọmọ tó rìnrìn àjò tí kò fi ohùn ránṣẹ́ sílé mọ́, àwọn aládùúgbò tó ń sọ pé agídí ló lé e sí àdágbé, kò kúnlẹ̀ fún ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ wí fún un lójúkojú pé ọwọ́ obìnrin kò lè dúró ṣinṣin lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Ó jókòó ti iṣẹ́ náà títí bàbá náà fi fẹ̀yìn tì, nígbà tí ogbó sì dé, eyín tí obìnrin yìí ṣe ni ọ̀gá fi ń jẹ ẹran.

Ẹni tí gbogbo èyí kò tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló wá tẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá ni iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ló ń yọ eyín tó bàjẹ́. Òun ló ń ṣe èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn eyín tó ti ń ṣiṣẹ́, Màmá Eléyín ni wọ́n ń pè é, láti orí dókítà dé orí agbálẹ̀. Aṣọ́nà ẹnu géètì a tilẹ̀ máa pa ẹnu rẹ̀ dé bó bá ti ń kọjá. Ó ní òun kò fẹ́ kí Màmá fi ojú ka eyín òun. Àjà ilẹ̀ ni yàrá iṣẹ́ wọn wà, lábẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan, níbi tí kò sí fèrèsé kankan. Tábìlì gígùn wà láàárín yàrá, ìléru kékeré wà ní igun tó ń yan eyín bí ẹni yan búrẹ́dì, lúbúlúbú tanganran tí wọ́n fi ń mọ eyín wà nínú àwọn ìgò wẹ́wẹ́, simẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń mú àwòrán ẹnu àwọn aláìsàn sì wà lórí bàtà gbogbo ènìyàn.

Ẹni tó bá rò pé funfun ni eyín kò tíì wo ẹnu ọmọ aráyé dáadáa rí. Eyín ẹlòmíràn fà mọ́ àwọ̀ eyín erin. Ti ẹlòmíràn ní eérú nínú. Ti ẹlòmíràn pọ́n díẹ̀díẹ̀ ní ìdí, ó sì mọ́ gaara ní etí bí omi inú ife. Àtẹ àwọ̀ eyín kan wà tí Màmá Eléyín máa ń gbé lọ́wọ́, eyín kéékèèké tí wọ́n tò ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀, èyí tó pupa jù dé èyí tó mọ́ jù; ṣùgbọ́n ẹnu ènìyàn kò mọ̀ pé àtẹ wà, kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yan àwọ̀. Ojú ló kù. Ojú náà kò sì wúlò bí kò bá rí oòrùn, nítorí gílóòbù a máa purọ́. Àwọ̀ méjì tó jọra lábẹ́ rẹ̀ bí ìbejì lè bá ara wọn jà bí ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé ní kété tí wọ́n bá jáde sí gbangba.

Nítorí náà ni Màmá ṣe máa ń gun àtẹ̀gùn láti àjà ilẹ̀ lọ sí ẹnu géètì, pẹ̀lú eyín tuntun nínú àtẹ́lẹwọ́, orúnkún rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Kò sí eyín kan tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ jáde lọ kí oòrùn.

Dókítà àgbà ilé ìwòsàn náà, tí í ṣe ọ̀dọ́mọkùnrin tó kéré sí àbíkẹ́yìn Màmá, kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn yìí. Ó bọ̀wọ̀ fún Màmá, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ kò sì yá.

"Màmá, ẹ̀rọ kan wà," ó wí fún un níjọ́ kan. "Ẹ̀ ń gbé ẹnu rẹ̀ ti eyín aláìsàn lásán ni, á sì sọ àwọ̀ tó jẹ́."

"Á sọ ọ́ fún ta ni?"

"Fún wa."

"Èmi á ti mọ̀ kó tó la ẹnu. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ gbé e ti ara yín, bóyá á sọ fún yín."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà nídìí tábìlì náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tètè gbé e mì nígbà tí Màmá yíjú sí wọn.

Àbúrò Màmá ọkùnrin ló wá ọ̀nà mìíràn. Ìyá kan náà ló bí wọn, òun sì ni alámòójútó ilé náà, ẹni tó ń tún omi ẹ̀rọ ṣe, tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe, tó sì fẹ́ràn kó máa wà lókè ju kó wà nísàlẹ̀ lọ, débi tí wọ́n fi ń pè é ní Baba Òrùlé. Ó ti gbọ́ pé ilé ìkàwé kan ní òpópónà kejì fi fọ́nrán dígí fa oòrùn wọ inú àjà ilẹ̀ rẹ̀. Ó lọ wò ó, ó padà wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn mọ́. Oòrùn ló máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín."

"Kí ni mo fún un tó fi máa wá kí mi?"

Síbẹ̀ ó tẹ̀lé e lọ wò ó. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé e dé iwájú àwọn tó ni ilé ìwòsàn, ó jókòó tì wọ́n bí ẹni tó jókòó ti ìkòkò tí kò tètè hó, títí wọ́n fi gbà láti ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ gbé ohun kan wá sí orí òrùlé, ohun roboto tó kún fún dígí kéékèèké bí ojú eṣinṣin, pẹ̀lú mọ́tò kékeré tó ń yí ojú rẹ̀ tẹ̀lé oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Dígí kọ̀ọ̀kan ń kó oòrùn jọ, ó ń dà á sí ẹnu fọ́nrán kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ẹṣin. Wọ́n di àwọn fọ́nrán náà pọ̀ di okùn tó tó ọrùn ọwọ́, wọ́n sì fi okùn náà gba inú ihò páìpù àtijọ́ kan sọ̀ kalẹ̀ láti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Oòrùn tó bá ti wọ inú fọ́nrán kò ní rí ẹ̀gbẹ́ gbà jáde; bó bá ta lu apá kan, yóò ta padà sí apá kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa sá lọ títí yóò fi já sí orí tábìlì Màmá Eléyín.

Ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ náà ṣe àlàyé kan kó tó lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ má gbàgbé o. Fọ́nrán yìí ò ní àpò. Kì í fi nǹkan pa mọ́. Ohun tó bá wọ̀ ọ́ lókè náà ló máa jáde nísàlẹ̀. Tí kùrukùru bá bo oòrùn, ó tán nìyẹn."

"Mo gbọ́," ni Màmá dáhùn. "Èmi náà kì í ṣiṣẹ́ tí oòrùn bá ń sinmi."

Bí wọ́n ṣe dá ìlànà kan sílẹ̀ nìyẹn tí kò sí irú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Bí ìmọ́lẹ̀ orí tábìlì bá ti ń ṣú, Màmá yóò wí pé, "Ó ti wọlé." Gbogbo ẹni tó bá ń po àwọ̀ yóò gbé e sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn yóò tan gílóòbù, wọn yóò sì dojú kọ simẹ́ńtì tàbí eyín tó fẹ́ dídán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá padà, yóò wí pé, "Ó ti jáde," wọn yóò sì padà sí ìdí àwọ̀. Ọkùnrin tó ń mú àwòrán ẹnu, Onísimẹ́ńtì, aláwàdà ènìyàn, ni ó sọ pé òun kò mọ̀ mọ́ bóyá iṣẹ́ eyín lòun ń ṣe tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀. Màmá dá a lóhùn pé ẹni tí kò bá lè dúró de oòrùn, kó lọ máa ta èédú. Èédú kì í yan ìmọ́lẹ̀.

Kò gun àtẹ̀gùn lọ sí géètì mọ́. Kí ni ó tún fẹ́ lọ wá níbẹ̀?

Àsìkò òjò dé. Ojú ọ̀run wúwo, ìmọ́lẹ̀ orí tábìlì ń wọlé ju bó ṣe ń jáde lọ, iṣẹ́ sì ń kó jọ. Dókítà pe ìpàdé, ó tún dá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀, ó ní àwọn tó ni ilé ìwòsàn ti ń béèrè bóyá oòrùn yìí ń ṣe wọ́n láǹfààní. Màmá Eléyín dìde dúró. Ohun tó sọ níjọ́ náà, gbogbo wọn ló lè kà á lórí fún yín lónìí.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ojú mi àti oòrùn yìí, àjùmọ̀ṣe ni. Ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá kú, ẹ gbé ẹ̀rọ yín wọlé. Màá di ẹrù mi, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni."

Baba Òrùlé wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀ kan. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó jáde.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìmọ́lẹ̀ orí tábìlì yí padà. Ó mọ́ rokoṣo, ó dúró ṣinṣin. Kùrukùru kọjá, kò mì. Òjò dé, ó ń lu ọ̀nà omi ara ògiri kíkankíkan tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ nínú àjà ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò ṣe bí ẹni tó gbọ́ rárá.

"Màmá," ni Onísimẹ́ńtì wí, ó sì na etí sí ìró omi, "òjò ń rọ̀ lóde o."

"Ìwọ ni wọ́n ń rọ̀ ọ́ fún?"

"Mo kàn ní kí n sọ ni. Mo ń retí kẹ́ ẹ ní ó ti wọlé."

Ibí yìí ni Màmá Eléyín ti ṣe ohun tó dùn ún jù lẹ́yìn náà. Ì bá ti dákẹ́. Ì bá ti sọ pé òun kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sọ gbólóhùn náà rí láyé rẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà tí yóò gbà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́.

"Ẹ ò mọ bí ìkòkò amọ̀ tuntun ṣe ń ṣe? Ẹ bu omi sí i, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mu ún. Ìgbà tó bá mu yó tán ni omi tó kù á dúró sí i. Bí fọ́nrán yìí náà ṣe rí nìyẹn. Dígí ti mu oòrùn yó. Èyí tó ń wọ̀ ọ́ báyìí, tiwa ni."

Wọ́n mi orí. Ó dùn mọ́ ọn bí wọ́n ṣe mi orí. Kùrukùru kò dá wọn dúró mọ́, iṣẹ́ ń yá, Dókítà kò sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́. Bí àlejò bá wọlé, Màmá fúnra rẹ̀ ni yóò mú un dé ìdí tábìlì, tí yóò na ọwọ́ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ náà, tí yóò sì wí pé, "Ẹ wo ojú oòrùn nínú òjò."

Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀ kí obìnrin kan tó wá. Ìdíkọ̀ ni obìnrin náà ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, níbi tí ó ń jókòó sí ẹ̀yìn fèrèsé látàárọ̀ dalẹ́, tó ń kí gbogbo èrò kó tó gba tọwọ́ wọn. Eyín iwájú ni Màmá ṣe fún un. Ó wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́nu, ó sì ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ọwọ́ náà.

"Ẹ má bínú o, Màmá. Eyín yìí ò jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, ìyá àgbà, ọ̀kan nínú eyín yín wọ aṣọ ẹlòmíràn. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn èrò náà ti ń wò mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì á sọ ibi tó ń lọ, á tún wo ẹnu mi, á gbàgbé ibi tó ń lọ."

Onísimẹ́ńtì tẹ ẹ̀rín rì. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé obìnrin náà jókòó sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó ní kó ya ẹnu, ó gbé àtẹ àwọ̀ ti eyín náà, ó sì pe gbogbo wọn kí wọ́n wá wò ó. Eyín náà bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mu rẹ́gí. Wọ́n yí obìnrin náà ká, ó ya ẹnu sílẹ̀ láàárín wọn bí àpótí tí wọ́n ń tà.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Màmá wí. "Ẹ padà sílé, kẹ́ ẹ fi omi bọ́jú fún ọmọ ọmọ yín. Eyín yín ò ní wàhálà. Ẹ tiẹ̀ lè fi omi díẹ̀ bọ́ tiyín náà."

Obìnrin náà pa ẹnu dé. Omi lé sí i lójú, kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀. "Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jáde síta. Ìta ni wọ́n ti ń wò mí. Mi ò gbé nínú àjà ilẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni Màmá wí. Ó mú àtẹ àwọ̀ rẹ̀ dání. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó ní kí àwọn tó wà nídìí tábìlì tẹ̀lé òun, ó sì ṣíwájú wọn gun àtẹ̀gùn tí kò gùn nítorí eyín láti ọjọ́ yìí wá.

Òjò ti dá. Oòrùn ti là sórí ọ̀dà tútù, ojú títì ń dán. Aṣọ́nà kúrò lórí àga rẹ̀ kó lè ríran. Àwọn tó ń kọjá rọra rìn, bí ènìyàn ti í ṣe níbi tí èrò bá pé sí. Màmá Eléyín di àgbọ̀n obìnrin náà mú, ó gbé ojú rẹ̀ sí oòrùn.

"Ẹ ya ẹnu."

Obìnrin náà ya ẹnu.

Eyín náà dúró níbẹ̀ bí òkúta kan láàárín ẹyin. Ó ní eérú nínú, ó tún fà sí àwọ̀ ewé, ó ṣókùnkùn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní pupa díẹ̀ nínú. Kò sí ẹni tí yóò wo obìnrin náà tí kò ní kọ́kọ́ rí i. Màmá gbé àtẹ àwọ̀ tì í. Àwọ̀ tó yàn nísàlẹ̀ kò jẹ́ ti obìnrin yìí rárá. Àwọ̀ tó tọ́ jìnnà sí i lórí àtẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó apá kejì.

Onísimẹ́ńtì tó ní àwàdà fún ohun gbogbo ń wo bàtà rẹ̀. Ìtìjú bẹ̀rẹ̀ ní etí Màmá, ó gbóná, ó sọ̀ dé ọrùn, ó dé àyà, ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní àgbọ̀n obìnrin náà síbẹ̀ nítorí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ojú òun ló kọ́kọ́ fura sí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ojú ti lọ. Ó wo ọ̀dà, ó wo aṣọ aṣọ́nà, ó wo pupa ilẹ̀kùn kan lódìkejì títì, gbogbo wọn sì wà bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n wà. Ojú kò lọ síbì kankan. Ó gbé orí sókè, ó wo òrùlé.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọlé, ẹ jókòó dè mí," ó wí fún obìnrin náà.

Ó gun gbogbo ilé náà dé òkè. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn òrùlé, ó rí ohun roboto olójú eṣinṣin náà tó dojú kọ ògiri, oòrùn ń ràn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti tú okùn fọ́nrán kúrò nídìí rẹ̀. Ẹnu okùn náà wà lábẹ́ abọ́ ike kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́, wáyà iná sì gba abẹ́ abọ́ náà wọlé. Àbúrò rẹ̀ jókòó lórí àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó dìde.

Màmá ṣí abọ́ náà. Ìmọ́lẹ̀ ta sí i lójú.

"Kí lèyí?"

"Gílóòbù ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo rí i pé gílóòbù ni. Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń bá oòrùn di àyè rẹ̀ mú ni. Mọ́tò tó ń yí i ló jó. Mo ti ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, wọn ò tíì fi ránṣẹ́. Èyí tó funfun jù ní ṣọ́ọ̀bù ni mo rà."

"Ọjọ́ wo ló jó?"

"Ọjọ́ ìpàdé yẹn. Mo wá sọ fún Dókítà ni, mo bá yín lórí ìdúró. Ẹ ní ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ bá kú, ẹ máa di ẹrù yín." Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀ lórí òkúta. "Mo mọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ máa di ẹrù, ẹ máa dì í. Ibo lẹ fẹ́ gbé e lọ?"

"O ò sì lè wá bá èmi nìkan sọ ọ́."

"Mo wá. Mo sọ̀ kalẹ̀ wá láti sọ ọ́. Mo bá yín tẹ́ ẹ ń fi ìkòkò amọ̀ kọ́ wọn. Ẹ ní dígí ti mu oòrùn yó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi ta ko irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín?"

Màmá gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Ta ló tún mọ̀?"

Àbúrò rẹ̀ dáhùn nígbà tó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní kúrò níbẹ̀. "Agbálẹ̀ mọ̀. Òun ló yá mi ní abọ́. Aṣọ́nà rí mi nígbà tí mo ń gbé wáyà wọlé. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, mi ò sọ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn náà gbọ́ òjò."

"Gbogbo wọn ló sì ń mi orí."

"Kí ni wọn ò bá ṣe?"

"Kò sí ẹnì kan tó sọ fún mi."

"Ta ló fẹ́ sọ fún yín?" Baba Òrùlé kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ fún ènìyàn pé ilẹ̀ ń yọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kì í fi àyè sílẹ̀ kéèyàn gbà wọlé."

Ká ní ó fi ṣe ẹlẹ́yà ni, Màmá ì bá mọ bí yóò ti dá a lóhùn. Ó jókòó sórí àga tí àbúrò rẹ̀ dìde kúrò. Ó rí ara rẹ̀ nídìí tábìlì, ọwọ́ nínà sábẹ́ gílóòbù, tó ń fi ojú oòrùn han àlejò. Ó rí àwọn tó dúró yí i ká, tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n sì ń bọ́ ọ bí wọ́n ti ń bọ́ ajá tó máa ń géni jẹ. Kì í ṣe wọ́n ló tàn án. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ ni, òun sì ti ń pe ìbẹ̀rù náà ní ọ̀wọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ìbọ́jú tó sọ sí obìnrin ìdíkọ̀ náà ní gbangba tún padà sí i létí, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú ara rẹ̀. Oòrùn gidi ń ràn sí i lẹ́yìn ọrùn.

"Tú u," ó wí níkẹyìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá tú u, gbogbo ilé á mọ̀ lónìí."

"Wọ́n ti mọ̀. Èmi ló kù."

Àbúrò rẹ̀ yọ wáyà. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, tábìlì Màmá Eléyín ṣú.

Màmá bá Dókítà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tó ti ń gbé fọ́tò egungun àgbọ̀n kan wò sí ojú fèrèsé. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ti dúró sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: mọ́tò, gílóòbù, ìkòkò amọ̀, eyín iwájú obìnrin tó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò fo ohun kankan. Dókítà dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Mo fẹ́ dúró."

"Èèyàn mélòó lẹ ti ṣe eyín fún látìgbà yẹn?"

"Wọ́n pọ̀."

"Àwọn mélòó ló ti ráhùn?"

"Ẹni tó wà níta yẹn nìkan."

Dókítà padà lọ jókòó. Ó fi ìka gbá orí tábìlì díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́. Lúbúlúbú tanganran wa wá nínú páálí tuntun lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Màá sọ pé òun ló ní àbùkù. A ó tún eyín ìyá yẹn ṣe, inú rẹ̀ á dùn. Àwọn tí ò ráhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín wọn lọ, ta ló ń wo ẹnu ẹlòmíràn tó bẹ́ẹ̀? Orúkọ yín ò ní jẹ yọ. Ti Baba Òrùlé náà ò ní jẹ yọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ bó ṣe jẹ́ fún àwọn tó ni ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ á ti wà lórí tábìlì yín kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n á sì máa rántí yín fún gílóòbù. Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ ti fi ṣiṣẹ́ yìí, Màmá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo àwọ̀ eyín. Ẹ jẹ́ kí n ṣe èyí fún yín."

Ó wù ú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé kò wù ú. Ara rẹ̀ ti gbé e dé ibi tí yóò ti sọ pé ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣe é fún ẹ̀yin náà. Ó rí orúkọ rẹ̀ tó mọ́, ó rí àbúrò rẹ̀ lórí òrùlé láìsí wàhálà, ó rí ara rẹ̀ tó tún padà sí ìdí tábìlì, tí gbogbo wọn tún ń mi orí. Ibi mímì orí yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti fẹsẹ̀ kọ. Wọn yóò mọ̀. Wọn yóò máa mọ̀ lójoojúmọ́, wọn yóò sì máa mi orí. Lẹ́yìn odi ọ́fíìsì, obìnrin ìdíkọ̀ wúkọ́, Màmá sì mọ̀ láìrí i pé ó ti gbé ọwọ́ bo ẹnu kó tó wú u. Àwọn yòókù náà wà káàkiri ìgboro, tí wọn kò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé ọwọ́ sẹ́nu.

"Ẹ ṣeun, Dókítà," ni Màmá Eléyín wí. "Mi ò gbà á. Ẹ pe gbogbo àwọn tí mo ṣe eyín fún padà, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣì í ṣe."